Ilé Kan, Ààrò Mọ́kànlá

Ìyá Ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ìyàwó bùrọ̀dá mi ni, ẹ̀kọ ló ń tà, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn nínú ilé wa. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè-Òyì dé, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. N kò tíì bọ́ bàtà tó fi wí pé:

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Àwọn ìjọba ti wá o. Wọ́n ní ilé mélòó ló bàjẹ́. Bàbá ní ilé kan."

Mo ní, "Ilé kan kẹ̀?"

Ó ní, "Ilé kan. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kó lè yé yín. Ilé wa wà láàrin ìgboro Ìlọrin, ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀ kí àlejò má baà mọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Bí o bá ti wọlé, àgbàlá ńlá kan nìyẹn, kànga wà láàrin rẹ̀, yàrá sì tò yí i ká. Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́ èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi kún un bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, àwọn ọmọ ọmọ náà sì ń fi kún un. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ológun ló ń ṣèjọba, fóònù alágbèéká kò tíì dé, àwọn ìdílé tó wà nínú àgbàlá náà sì ti pọ̀ gan-an. N kò ní sọ iye wọn báyìí. Iye wọn gan-an ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Baálé ilé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bàbá tèmi ti kú. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú nínú yàrá iwájú. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́, kò sì fẹ́ òmíràn, nítorí náà gbogbo ilé ló ń bọ́ ọ. Lójoojúmọ́ ni àwo oúnjẹ ń ti yàrá kọ̀ọ̀kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, á sì tọ́ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Síbẹ̀ kò sanra.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìjì kan jà, pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn. N kò sí nílé. Wọ́n ní kò pẹ́ ju àkókò tí èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá lọ. Páànù ilé wa ṣí, ó fò. A rí díẹ̀ he lórí pápá ilé-ìwé. Ọ̀kan há sórí igi dongóyárò tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, nítorí pé kò sí ẹni tó lè gùn ún débẹ̀. Èyí tó kù, a kò mọ ìlú tó lọ. Kò sí ẹni tó kú. Ewúrẹ́ kan sọnù, àmọ́ ó padà wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí kò bá gbé ilé amọ̀ rí lè rò pé òrùlé nìkan ni a pàdánù. Ògiri amọ̀ lè dúró láti ayé baba títí dé ayé ọmọ ọmọ, bí orí rẹ̀ bá ti gbẹ. Bí òjò bá ń bọ́ sí i lórí, á padà di ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa nìyẹn. Òjò ńlá ń bọ̀, bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Owó páànù kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá rí nǹkan bo ilé kó tó dé, ilé á yòrò, kálukú á wá ibòmíràn gbà lọ.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà fún irú nǹkan báyìí. Àwọn ló ń bójú tó àwọn tí iná jó ilé wọn, àwọn tí omi gbé ẹrù wọn lọ, àti àwọn tí ìjì ṣí òrùlé wọn. Orúkọ gígùn kan ni rédíò máa ń pè é, àmọ́ Pàjáwìrì ni àwa ń pè é. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ìjì jà ni Pàjáwìrì dé.

N kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn náà. Bí Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣe sọ ọ́ ni mò ń sọ. Akọ̀wé kan ló wá, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, tó sì fi ìwé sábẹ́ abíyá. Wọ́n fún un ní bẹ́ǹṣì, ó jókòó níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ kú ewu o."

"Alhamdulillahi."

"Ṣé kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe?"

"Alhamdulillahi."

"Ibí yìí mà bàjẹ́ púpọ̀ o."

"Alhamdulillahi."

Akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò sí àyè fún Alhamdulillahi nínú rẹ̀. Ló bá béèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

"Bàbá, ilé mélòó ló bàjẹ́?"

"Ilé kan."

"Èèyàn mélòó ló ń gbé inú rẹ̀?"

Bàbá wò ó bí ẹni pé ó sọ ọ̀rọ̀ àìtọ́. Nínú ilé wa, a kì í ka àwọn ọmọ wa sókè fún àlejò, pàápàá fún àlejò tó mú bírò dání. Bàbá ní, "Ọlọ́hun nìkan ló mọ iye wọn."

Akọ̀wé kọ ìyẹn náà sílẹ̀. N kò mọ bó ṣe kọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó sọdá sí ilé iwájú wa.

Ẹni tó ni ilé iwájú wa, ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá mẹ́jọ ló kọ́, ayálégbé ló sì kún inú rẹ̀. Ìdajì òrùlé rẹ̀ ni ìjì ṣí. Wọ́n bi í pé ilé mélòó, ó ní mẹ́jọ. Kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́jọ ló ti ń gba owó ilé, ilé mẹ́jọ ló ní.

Ní Sátidé, ọjọ́ kejì tí mo dé, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n já ìdì páànù kan sílẹ̀ fún wa, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ọṣẹ ìfọṣọ. Mo buwọ́ lu ìwé wọn. Wọ́n wá sọdá, wọ́n já ìdì páànù mẹ́jọ. Ìdì kan kò tó bo yàrá méjì dáadáa. Gbogbo wa dúró yí i ká bí ẹni tó wá wo òkú.

Ará iwájú wa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ẹ̀yin onílé kan, ẹ kú oríire o! Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì yẹn, ṣé orí lẹ fẹ́ fi bò ni àbí ẹsẹ̀?"

Ìyá Ẹlẹ́kọ dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. "Ọ̀kan la fẹ́ fi bora. Ìkejì, a fẹ́ fi dí yín lẹ́nu ni."

Bàbá ní kí a gbé ìdì páànù náà sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ibẹ̀ ló wà. Kò sí ẹni tó lè tú u, nítorí ẹni tó bá tú u á sọ yàrá tó fẹ́ fi bò.

Wọ́n ti fún wa ní ìsinmi ní ilé-ìwé, n kò sì ní ibi tí mò ń lọ. Ni ilé bá rán mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ kaftánì mi tó dára, mo lọ sí ọ́fíìsì Pàjáwìrì. Akọ̀wé wà níbẹ̀. Ó rántí wa. Ó ṣí fáìlì, ó sì fi ìka hàn mí.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Ilé kan. Bàbá yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ilé kan."

"Mélòó ni?"

Mo la ẹnu. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí wọ́n bá bi mí léèrè ilé tí mo ti wá, ilé kan ni mò ń dárúkọ. Mo tún pa ẹnu mi dé.

Akọ̀wé kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó ka fọ́ọ̀mù ogún lé mi lọ́wọ́. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan kún ọ̀kan, kó buwọ́ lù ú. Kí Bàbá wá buwọ́ lu ìwé kan lọ́tọ̀ pé ilé tó wà nínú àgbàlá náà ju ọ̀kan lọ. "Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí wọ́n padà dé ọwọ́ mi o. Páànù tó kù ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn."

Mo délé, mo ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Mo ti gba fọ́ọ̀mù ogún bọ̀!" Àwọn ìyàwó ilé ṣe "Aà!", ọ̀kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yàrá rẹ̀. Wọ́n rò pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sùn lé lórí ni. Nígbà tí wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, ẹ máa sun tiyín."

Mo gbé ìwé náà lọ bá Bàbá. Ó ní kí n kà á fún òun ní Yorùbá.

Mo ní, "'Èmi, Baálé, ń jẹ́rìí pé ilé tó wà nínú àgbàlá yìí kì í ṣe ọ̀kan...'"

"Dúró níbẹ̀. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

"Ta ló bá ta jà?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ìgbà wo la wá pín ilé?"

"A ò pín in."

"Kí ló wá sọ ọ́ di púpọ̀?"

"Bàbá, ìjì ni."

"Páànù ni ìjì ṣí." Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Mo ṣì wà láàyè. Bí mo bá kú, kí ẹ kọ ohun tó bá wù yín síbẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè bá Bàbá jà. Èmi ni wọ́n ń bá jà. Bùrọ̀dá mi, ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ, ló le jù nínú wọn. "Ìwé lásán ni! Ṣé ìwé ló ń gbé inú ilé? Kí ló dé tí o ò ṣàlàyé fún un? Ìwọ tí o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!" Ẹnìkan ní kí n kàn fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú ní orúkọ Bàbá. Gbogbo wa ro ó wò. Bàbá wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀, a sì ṣíwọ́ ríro rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, òjò kékeré kan rọ̀. Kì í ṣe èyí tí à ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n yàrá bùrọ̀dá mi ló wà ní igun tí omi ń dà sí. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò wó. Ó jókòó ni. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí ìdí ara rẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bùrọ̀dá mi gbé ọmọlanke wá, ó di bẹ́ẹ̀dì, àpótí àti ìkòkò lé e. Ó ti rí yàrá méjì gbà lẹ́yìn Ọ̀fà Gáréèjì.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ọ̀fà Gáréèjì ni, Bàbá. Fún ìgbà díẹ̀."

"Ó dáa."

Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọlanke lè kọjá. Ó padà lọ jókòó ti àwọn ọmọ kéú rẹ̀. Ẹsẹ kan náà ni àwọn ọmọ yẹn ń kà títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì, nítorí pé kò rántí sọ fún wọn pé kí wọ́n ka èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìwé tí Bàbá kò fẹ́ buwọ́ lù sọ pé ilé ju ọ̀kan lọ. Nígbà tó máa fi di Sátidé, àwọn méjì mìíràn nínú àgbàlá ti ń béèrè yàrá kiri. Gbogbo wa rí i. Bàbá náà rí i. Láìsí ìbuwọ́lù, ilé ti ń di púpọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni bùrọ̀dá mi kò rò tẹ́lẹ̀. Onílé wọn ní Ọ̀fà Gáréèjì kò fẹ́ igi ìdáná nínú ilé rẹ̀. Ó ní èéfín á ba ọ̀dà òun jẹ́. Ẹ̀kọ kò sì ṣe é sè lórí sítóòfù, ìkòkò rẹ̀ tóbi. Nítorí náà, lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́sàn-án, Ìyá Ẹlẹ́kọ á gbé ògì rẹ̀ wọ mọ́tò padà wá sí ilé wa, á dá iná sí ààrò rẹ̀ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó jókòó, á se ẹ̀kọ, á pọ́n ọn, á gbé ti Bàbá fún un, á sì tún wọ mọ́tò lọ.

Ará iwájú wa kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀. "Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ mà ti di onílé méjì!"

"Ilé kan ni mo ní. Yàrá ni mo yá."

Ó di Alámìísì, ọjọ́ kan péré ló kù. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wá. Ó ní òun ń retí ìwé wa, òun kò rí i. Bẹ́ǹṣì kan náà ló jókòó lé. Bàbá kò sọ̀rọ̀ ìwé. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé:

"Akọ̀wé, níbo ni ilé yín?"

"Ọ̀mù-Àrán ni, Bàbá."

"Yàrá mélòó ló wà nínú ilé baba yín níbẹ̀?"

"Wọ́n á tó ogún, Bàbá."

"Ilé mélòó ni?"

Akọ̀wé dé ìdérí bírò rẹ̀. Ó tún ṣí i. "Bàbá, ilé kan ni."

"Ẹ kú ilé o."

Igi ń ta nínú ààrò Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ó yọ orógùn nínú ìkòkò, omi rẹ̀ ń kán. Ó wá ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí ni ìjọba ń wá gan-an? Ṣé iye ògiri ni, àbí iye àwọn tó ń jẹun?"

Akọ̀wé yí fọ́ọ̀mù dà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ó gbé awò sójú, ó kà á lọ sínú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Wọ́n ní àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Ìyẹn ni ìwé yìí ń pè ní ilé."

Bàbá ní, "Ìyẹn kì í ṣe ilé."

"Kí ni, Bàbá?"

"Ààrò nìyẹn. Kí ló dé tí o kò ti béèrè ààrò láti ọjọ́ tí o ti ń wá?"

Akọ̀wé wò mí. Mo wo ilẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù yẹn wà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́wàá.

"Bàbá, ṣé ẹ lè buwọ́ lu iye ààrò?"

"Ààrò ṣe é kà."

Akọ̀wé ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun gbọ́dọ̀ fi ojú ara òun rí wọn kí òun tó kọ ọ́. Ó ní òun á dé ní àárọ̀ ọ̀la. Alẹ́ kan tó fún wa yẹn ni àṣìṣe rẹ̀.

Nígbà tí a kí ìrun Àsùbá tán lọ́jọ́ Jímọ̀, ààrò ti di mẹ́tàdínlógún. Àwọn òkúta ìdáná jókòó mẹ́ta mẹ́ta káàkiri àgbàlá bí ẹni pé wọ́n hù lóru. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé dé, Bàbá jáde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, akọ̀wé tẹ̀ lé e, èmi náà tẹ̀ lé akọ̀wé, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé wa.

Níbi àkọ́kọ́, Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka. "Eérú rẹ̀ dà?"

"A máa ń kó o dànù ni, Bàbá."

"Ẹ lọ kó o padà wá." Ó fi ẹsẹ̀ yí òkúta kan dànù, ó kọjá.

Níbi kejì, eérú wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó yí òkúta dà, ó wo ikùn rẹ̀. Ó funfun báláú. "Òkúta yìí kò tíì mọ iná. Ta ló fún un ní eérú?" Ó yí i dànù.

Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn orogún méjì kan tí wọ́n jọ ń dáná. Ààrò wọn ti di méjì.

"Ọdún mélòó lẹ ti jọ ń dáná?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rìnlá, Bàbá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ yapa lónìí?"

"A ò yapa o! A kàn..." Ìyálé wo ìyàwó, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Àwọn fúnra wọn ló tú u ká.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tí ó fi ku mẹ́wàá tó dúró. Ìkọkànlá ni ààrò Ìyá Ẹlẹ́kọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó jókòó. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Ará iwájú wa, tó ti sọdá wá wo ìran, sọ ọ́ tìfura-tìfura pé, "Akọ̀wé, tèyí ńkọ́? Àwọn tó ni ín ti kó lọ o."

Akọ̀wé gbé bírò sókè. "Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Ẹni tí kò bá gbé ibí mọ́, mi ò lè kọ ọ́."

Bàbá fi ọ̀pá tú eérú náà díẹ̀. Ó ní, "Fọwọ́ kàn án."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ eérú, ó sì fà á yọ kíákíá. Ó fi ìka náà sẹ́nu. Ó fi ìyókù ọwọ́ rẹ̀ kọ mọ́kànlá.

Èmi ni mo kọ ìwé tí Bàbá buwọ́ lù, bó ṣe pè é fún mi: "Ilé kan ni wá. Ààrò inú rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá." Ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé kà á, ó ní ọ̀gá òun lè má fara mọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́. Bàbá ní bí kò bá fara mọ́ ti àkọ́kọ́, kó yọ ìkejì náà. Akọ̀wé ká ìwé náà sápò.

Ó ti fẹ́ máa lọ, ló bá yíjú padà. "Bàbá, tiyín ńkọ́? Mi ò rí ààrò yín."

"N kì í dáná."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ méjìlá sí i. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Ṣé o rí eérú mi?"

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ìdì páànù mẹ́wàá ló dé lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọ̀kan tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ariwo ìṣó ló gba gbogbo àgbàlá fún ọjọ́ mẹ́ta. Bùrọ̀dá mi gbé ọmọlanke padà láti Ọ̀fà Gáréèjì, bẹ́ẹ̀dì kan náà ló wà lórí rẹ̀. Ó ní yàrá ibẹ̀ ooru pọ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń ro ògì rẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, gbogbo yàrá ti ní nǹkan lórí, àfi yàrá Bàbá àti ibi tó ti ń kọ́ kéú. Ẹní ló fi bo ibùsùn rẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá mi ló kọ́kọ́ ṣe é. Kí ó tó bo yàrá tirẹ̀ tán, ó yọ páànù méjì nínú ìdì tirẹ̀, ó fi wọ́n ti ilẹ̀kùn Bàbá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú páànù sí. Kí ó tó di ìrun Àlàásárì, méjì méjì ti ń ti gbogbo ààrò wá.

Bàbá jáde, ó bá wọn níbẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Páànù ni, Bàbá."

"Ta ló ni wọ́n?"

Gbogbo wa ń kan ìṣó lọ. Bàbá ní, "Ó dáa."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Nínú páànù méjìlélógún yẹn, ọ̀kan jẹ́ àlòkù, ihò ìṣó àtijọ́ kún inú rẹ̀ bí asẹ́. Èmi ni mo gbé e wá, láti ààrò ìyá mi. A ti kan èyí tuntun mọ́ orí yàrá tiwa tán, ìyá mi sì ní kò dáa kí a tún un tú. Orí ibi tí Bàbá ń jókòó sí gan-an ni wọ́n kàn án mọ́. Òjò ńlá dé ní ọjọ́ kẹrin. Ògiri wa kò yòrò. Ní yàrá Bàbá, omi ń kán ní ojú kan, ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, abọ́ náà sì wà níbẹ̀ títí Bàbá fi kú. Kò béèrè ẹni tó gbé páànù yẹn wá. Nígbà mìíràn tí òjò bá ń rọ̀ tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á wo abọ́, á wò mí, á ní, "Alhamdulillahi."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Gáàsì ni gbogbo ilé ń lò, kò sí eérú tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Díẹ̀ nínú wa ń gbé ní Abúja, díẹ̀ wà ní Málété, bùrọ̀dá mi àti Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣì wà nínú àgbàlá, nínú yàrá igun. Àmọ́ bí ìjì bá jà lálẹ́ òní, tí akọ̀wé kan sì tún jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ohun kan náà ló máa béèrè. Ìwọ tí o ti ń gbọ́ mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ilé baba tìrẹ, ilé mélòó lo máa ní kí wọ́n kọ?